Dnepr: Rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó mọ èrò í já sílẹ̀

Bí àwọn ènìyàn bá ń yẹ iṣẹ́ àwọn tí ń gbé sátẹ́láìtì lọ sójú ọ̀run wò, iye owó ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ohun tí èmi máa ń wò ni bí rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe ń kúrò lẹ́bàá èrò rẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá já wọn sílẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi mú Dnepr, èyí tí ó gbé NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X wa láti Yasny ní Rọ́ṣíà ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ, ọdún 2011.

Nínú ọ̀pọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì, wọn á kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì ìpele òkè, ìyẹn apá rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó kẹ́yìn tí ó gbé èrò dé ojú ọ̀run, sípíríǹgì á wá rọra ti sátẹ́láìtì jáde pẹ̀lú eré tí kò tó ti ẹni tí ń gbafẹ́ lọ. Àwọn méjèèjì á jọ máa yí ayé po ní ojú ọ̀nà kan náà, bí ìpele náà kò bá sì tètè yà, wọ́n lè tún fara kanra níwájú.

Ti Dnepr yàtọ̀. Ara ohun ìjà R-36M ti Soviet ni wọ́n ti yọ ọ́, ìpele kẹta rẹ̀ a sì máa yí padà pátápátá lókè, tí àwọn sátẹ́láìtì yóò fi bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, tí yóò sì máa wọ́ wọn lọ. Nígbà tí ó bá tó àkókò láti já wọn sílẹ̀, kò ní pa ẹ́ńjìnnì, yóò kàn dín agbára rẹ̀ kù ni; bí ìdè bá ti tú, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa sáré lọ, tí èrò yóò sì kù sẹ́yìn. Kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ tètè kọlu ara wọn.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti tẹ̀lé mólúè tí ń rú èéfín rí mọ àléébù ibẹ̀. Ọ̀dọ̀ èrò ni èéfín ẹ́ńjìnnì náà kọjú sí, bẹ́ẹ̀ kámẹ́rà tí ń ya àwòrán ilẹ̀, irú èyí tí ó wà lára NigeriaSat-2, kò fẹ́ ìdọ̀tí rárá. Asà pàtàkì kan ni wọ́n fi ń dí èéfín náà.

Ohun tí ó dùn mí jù ni pé ìpele náà kì í darí ara rẹ̀ wálẹ̀, bí ìpele òkè Falcon 9, rọ́kẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ SpaceX, ṣe sábà máa ń ṣe. Ní nǹkan bí 700 kìlómítà sókè, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́ jù, irú àlòkù bẹ́ẹ̀ lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Dnepr fò ní ìgbà 22 kí ó tó dáwọ́ dúró ní 2015. Ẹyọ kan péré ni ó kùnà nínú wọn, ní 2006. Lórí yíyà kúrò lọ́dọ̀ èrò, mo fún un ní máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún. Lórí pípa ilẹ̀ mọ́, méjì pọ̀ fún un.