Gìtá ló ń kọrin: àgbéyẹ̀wò àwo Slaughter of the Soul

Oṣù kọkànlá ọdún 1995 ni ẹgbẹ́ olórin At the Gates, àwọn ọmọ ìlú Gothenburg ní orílẹ̀-èdè Sweden, gbé àwo Slaughter of the Soul jáde. Earache Records, ilé iṣẹ́ agbórinjáde tó wà ní Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló bá wọn gbé e jáde. Orin mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 34 lọ. Nínú gbogbo àwo melodic death metal tí mo ní, òun ni mo máa ń gbọ́ jù, òun náà ni mo sì máa ń bá àwọn ẹlòmíràn jiyàn lé lórí jù.

Fún ẹni tí kò bá mọ irú orin yìí: death metal jẹ́ orin gìtá tó le, tó wúwo, tó ń sáré, tí akọrin sì ń ké ramúramù lórí rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Gothenburg, ìyẹn At the Gates, Dark Tranquillity àti In Flames, bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin aládùn sáàárín líle yẹn. Gìtá méjì á jọ máa rìn, ọ̀kan á wà lókè, ìkejì á wà nísàlẹ̀, bí Iron Maiden, ẹgbẹ́ olórin metal ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti máa ń ṣe é. Akọrin ní tirẹ̀ kò yí ohùn padà. Igbe náà ló ṣì ń ké.

Ibi tó máa kọ́kọ́ ṣòro fún ọ̀pọ̀ nínú wa nìyẹn. Etí wa ti mọ́ orin tí ohùn rẹ̀ ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀, tó jẹ́ pé bí akọrin bá ṣi ohùn gbé, ìtumọ̀ á yí padà. Tomas Lindberg, akọrin At the Gates, kì í gbé ohùn lọ sókè tàbí sódò. Ó ń ha ni, bí ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ fẹ́ ya. Ẹni tó bá ń wá orin lẹ́nu rẹ̀ kò ní rí i. Gìtá ló ń kọrin nínú àwo yìí, Lindberg ló wà nípò onílù. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, bó ṣe ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bọ́ sórí ìlù gẹ́lẹ́, àti bó ṣe ń dákẹ́ kí gìtá lè ráyè sọ tirẹ̀. Igbe kan ṣoṣo tó ké níbẹ̀rẹ̀ orin tí wọ́n fi sọ àwo náà lórúkọ ti tó láti fi mọ̀ pé ọkùnrin náà mọ ìgbà tó yẹ kó wọlé. Kì í ṣe ariwo lásán rárá.

Anders Björler àti Martin Larsson ló ń ta gìtá. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni agbára àwo yìí tó ga jù. Blinded by Fear ló ṣí i. Ohùn ọkùnrin kan á kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni gìtá á já lulẹ̀, kò sì ní dúró mọ́ títí orin á fi parí ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé kò sí ẹyọ ohùn kan tó ṣeé yọ kúrò. Bí wọ́n bá ta ohùn gìtá kan lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀mẹrin yẹn ló nílò. Bó bá fẹ́ sú yín, wọ́n ti bọ́ sórí òmíràn. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tó ń kọ irú orin yìí kò mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n dáwọ́ dúró. Àwọn wọ̀nyí mọ̀ ọ́n.

Under a Serpent Sun ni mo fẹ́ràn jù. Ohun tí gìtá ń sọ níbẹ̀ ṣeé fi ẹnu kùn, ẹ máa rí i pé ẹ̀ ń kùn ún níbi tí ẹ ti ń fọṣọ tàbí tí ẹ wọkọ̀, ìbànújẹ́ sì wà nínú rẹ̀ tó jinlẹ̀ gan-an. Cold ló tẹ̀ lé e lọ́kàn mi. Nínú orin yẹn ni Andy LaRocque, tó máa ń ta gìtá fún King Diamond, olórin metal ọmọ ilẹ̀ Denmark, ti wá ṣe àlejò wọn. Nígbà tí gìtá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá sọ̀rọ̀, ó mọ́ gaara, ó ń yí bírí lókè àwọn tó kù, kò sì sí ìṣẹ́jú mìíràn nínú àwo náà tó jọ ọ́. Bí wọ́n bá ti ṣe irú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta sí i, inú mi ì bá dùn ju báyìí lọ.

Fredrik Nordström ló ṣe kòkáárí gbígba ohùn sílẹ̀, ní Studio Fredman tirẹ̀ ní Gothenburg. Iṣẹ́ tó ṣe lórí gìtá dára púpọ̀. Ohùn gìtá náà mú bérébéré, síbẹ̀ ẹ lè gbọ́ ìka bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀sùn mi àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Jonas Björler, ìbejì Anders, ló ń ta gìtá béèsì, agbára káká lẹ fi máa gbọ́ ọ. Mo ti fi earpiece gbọ́ ọ, mo ti fi ẹ̀rọ agbóhùnsókè ńlá gbọ́ ọ, ibì kan náà ló sá pamọ́ sí lábẹ́ gìtá àwọn méjì yòókù. Orin tó wúwo báyìí nílò ìsàlẹ̀. Bí ìsàlẹ̀ kò bá sí, bó ti wù kí gìtá mú tó, àyà ẹni kò ní mì.

Ẹ̀sùn kejì kan ìlù. Akọni ni Adrian Erlandsson nídìí ìlù òyìnbó, ọwọ́ rẹ̀ yá, kì í sì í ṣìnà. Àmọ́ ìlù eré sísá kan náà ló lù nínú púpọ̀ nínú àwọn orin náà. Ẹni tó bá gbọ́ àwo yìí látòkè délẹ̀ á ṣàkíyèsí pé tó bá fi máa kan Unto Others àti Nausea, àwọn orin náà ti ń wọnú ara wọn. Mo mọ Nausea dáadáa, síbẹ̀ bí ẹnìkan bá jí mi lóru pé kí n kùn ún, ó máa gbà mí lákòókò. Irú ẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú Cold. Need ló gba apá ìkẹyìn yẹn sílẹ̀ nítorí pé ó dín eré kù, ó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọni lára.

Méjì nínú àwọn orin mọ́kànlá náà kò ní akọrin. Into the Dead Sky, tó wà láàárín, wúlò. Gìtá tí kò ní iná ni wọ́n fi ta á, ó sì fún etí ní ìsinmi kí Suicide Nation tó fi ìró ìbọn tí wọ́n ń kì wọlé. The Flames of the End tó kádìí rẹ̀ ni mi ò rí ìdí rẹ̀. Need ì bá ti parí iṣẹ́ náà dáadáa.

Ní ti ọ̀rọ̀ inú orin, mo fẹ́ sọ òótọ́. Ọ̀rọ̀ ikú, ọ̀rọ̀ pípa ara ẹni, ìbínú sí ẹ̀sìn àti ayé tó ti bàjẹ́ ló kún ibẹ̀. Lindberg kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì fi ẹ̀jẹ̀ àti ìfun dẹ́rù bani bí àwọn olórin death metal mìíràn ti máa ń ṣe. Ìrora ọkàn ló ń sọ. Mo bọ̀wọ̀ fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi àwo yìí fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti wúwo jù lásìkò yìí, pàápàá kó máa dá gbọ́ ọ ní òun nìkan.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ lónìí tún lè sọ pé òun ti gbọ́ irú ẹ̀ rí. Òótọ́ ni. Àwọn ẹgbẹ́ ní Amẹ́ríkà, bíi Killswitch Engage, Darkest Hour àti The Black Dahlia Murder, mú púpọ̀ nínú bí wọ́n ṣe ń ta gìtá wọn látinú àwo yìí. At the Gates fúnra wọn ò dúró jẹ èrè rẹ̀. Ọdún 1996 ni wọ́n tú ká, àwo tuntun kò sì tún jáde àfi ní 2014, nígbà tí wọ́n ṣe At War with Reality. Lindberg kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ẹni ọdún 52. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fetí sí ohùn rẹ̀ ju gìtá lọ, mo sì ń gbọ́ àwọn ibi tó ti ń já ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí mi ò fiyè sí tẹ́lẹ̀.

Ohun kan ló kù tó ń dùn mí nípa àwo yìí. Ní 1992, nígbà tí ẹgbẹ́ yìí ṣe The Red in the Sky Is Ours, fayolíìnì wà nínú orin wọn, orin kan lè yí ọ̀nà padà lẹ́ẹ̀mẹfà kó tó parí, ẹ ò sì ní mọ ibi tó ń lọ. Ó ṣe rúdurùdu, ìgbohùnsílẹ̀ rẹ̀ kò dára, ṣùgbọ́n kò sí ẹgbẹ́ mìíràn tó jọ ọ́. Nígbà tí Alf Svensson tó ń ta gìtá fún wọn kúrò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé gbogbo ẹ̀ka wọ̀nyẹn dànù. Gígé yẹn ló jẹ́ kí Slaughter of the Soul mú tó bó ṣe mú, òun náà ló sì jẹ́ kó rọrùn fún gbogbo ayé láti wò ó ṣe.

Bí mo bá fẹ́ fún un ní máàkì, mẹ́jọ àbọ̀ nínú mẹ́wàá ni. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orin àkọ́kọ́ bí etí yín kò bá tíì mọ́ igbe. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ Into the Dead Sky, kí ẹ bọ́ sórí Under a Serpent Sun, lẹ́yìn náà Cold. Bí ẹ bá ti ń gbọ́ ohun tí gìtá ń wí, ẹ wá padà sí Blinded by Fear, kí ẹ jẹ́ kó lọ dé Need. Ẹni tó bá sì gbádùn rẹ̀ kó wá àwo 1992 yẹn lọ.