Outright: lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe àti níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, outright, sí Yorùbá, ibi tó bá wà nínú gbólóhùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe ló ti dùn mọ́ mi jù. "She refused outright": ó kọ̀ jálẹ̀. "They bought the house outright": wọ́n san gbogbo owó ilé náà tán, kò ku gbèsè kankan. "He was killed outright" tún yàtọ̀: ojú ẹsẹ̀ ló kú, kò dùbúlẹ̀ àìsàn. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ kan ṣe gbé ìtumọ̀ mẹ́ta!

Níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣòro. "An outright lie" ni irọ́ pọ́ńbélé.

Ọ̀pọ̀ ń kọ outrightly. Ẹ jọ̀wọ́, outright nìkan ti tó.