Mo yẹ readBin inú R wò: ó ń ka fáìlì baínárì dáadáa, àmọ́ kì í pariwo tẹ́ ẹ bá ṣì í lò

Tẹ́ ẹ bá bi ọ̀pọ̀ àwa tá a ń bá èèyàn ṣe dátà l'Adó-Èkìtì pé kí ni R, èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò dátà, wà fún, wọ́n á ní fún regression ni, fún chapter four ni, kó ya graph, kó yọ p-value, ó parí. Wọn ò parọ́ sha. Àmọ́ nǹkan kan wà nínú ẹ̀ tí mi ò kì í sábà gbọ́ kẹ́nikẹ́ni ròyìn ẹ̀, ìyẹn àṣẹ kan tó ń jẹ́ readBin, tó máa ń ka fáìlì baínárì, fáìlì tí Excel ò lè ṣí, èyí tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá fi Notepad ṣí i gbogbo ẹ̀ á kàn rí wúruwùru. Mo ti lò ó débi tí mo fi lè dá sí ọ̀rọ̀ ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ tèmi: ó dáa gan-an, ọ̀fẹ́ ni, ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ìdí tí mo fi yọ ìràwọ̀ kan ń bọ̀ nísàlẹ̀.

R fúnra ẹ̀ kì í ṣe ọmọ àná. Ross Ihaka àti Robert Gentleman ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Fásitì Auckland ní New Zealand, 29 February 2000 ni 1.0.0 jáde (nínú gbogbo ọjọ́ tó wà nínú ọdún, èyí tó ń wá lọ́dún mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n mú, àwọn náà láwàdà o). Ohun tó wù mí jù nínú readBin ni pé inú R ló wà látilẹ̀, kò sí pé ẹ ń install pákéèjì kankan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí dátà ṣe ń jẹ owó, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ dáwúnlóòdù R lẹ́ẹ̀kan, kò tó 100 MB, lẹ́yìn ìyẹn kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ kó má padà dé, iṣẹ́ yín ń lọ.

Ta ló wá ń rí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa níbí? Wọ́n pọ̀ jù bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Àwọn ọmọ agric ní ọgbà FUOYE tó wà n'Ìkọ̀lé, àwọn ọmọ physics àti geology l'EKSU, gbogbo ẹni tó bá ti gbé ẹ̀rọ tó ń gba ojú ọjọ́ sílẹ̀ lọ sóko. Àbúrò kan tó ń ṣe máásítà mú fláàṣì wá bá mi, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ bá mi wo nǹkan yìí, ẹ jọ̀ọ́, mo ti ṣe é ṣe é kò ṣí." Ẹ̀rọ logger kan ni wọ́n gbé sínú oko kòkó lọ́nà Ìjerò, ó ń gba ooru, ìmọ́lẹ̀ oòrùn àti òjò. Software tó yẹ kó ṣí fáìlì ọ̀hún ń béèrè láísẹ́nsì, láísẹ́nsì ti kú, àwọn tó tà á fún wọn ò gbé ìpè mọ́, ọ̀gá ẹ̀ sì ń béèrè result. Ohun tó kó wa yọ ni pé ìwé manual ẹ̀rọ náà ṣì wà, ojú ewé kan níbẹ̀ sì to gbogbo ẹ̀ sílẹ̀: báìtì (ẹyọ kéékèèké tí kọ̀ǹpútà fi ń to fáìlì) 64 àkọ́kọ́ ni orí fáìlì, lẹ́yìn ìyẹn báìtì 16, 16 ni ìkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin àkọ́kọ́ jẹ́ aago, méjì jẹ́ ooru tí wọ́n ti sọ di ìlọ́po mẹ́wàá, méjì jẹ́ ìmọ́lẹ̀, mẹ́rin jẹ́ òjò, èyí tó kù jẹ́ ti bátìrì àti checksum (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá dátà bà jẹ́).

Ẹ gbọ́ o, tẹ́ ò bá ní ojú ewé yẹn, ẹ má wulẹ̀ yọ R lẹ́nu. Kò sí kọ́mà nínú fáìlì baínárì, kò sí orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù, báìtì ló to tẹ̀lé ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìsí ààlà, ìwé nìkan ló lè sọ fún yín pé níbí ni aago parí sí, níbí ni ooru ti bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ readBin ò le. Ẹ sọ ibi tó máa ti kà, ẹ sọ irú nǹkan tó máa kà (integer, numeric, raw, character), ẹ sọ iye tó máa kà, ẹ sọ báìtì mélòó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà, ó tán. Ìṣòro tó wà ńbẹ̀ ni pé irú kan ṣoṣo ló lè kà lẹ́ẹ̀kan. Fáìlì tiwa wá jẹ́ àdàlù, integer, integer, numeric, ó tún yí padà sí integer, báyìí báyìí títí dé ìparí. Àwọn kan máa ń kọ for loop tó ń ka ìkọsílẹ̀ kan lẹ́yìn òmíì, ó máa ṣiṣẹ́ lóòótọ́ àmọ́ á lọ́ra, tí logger bá ti ń kọ nǹkan sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú láti ọdún kan, ẹ máa lọ jẹ iyán ẹ máa padà wá bá a níbẹ̀. Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn ni kẹ́ ẹ kó gbogbo ẹ̀ wọlé ní raw (báìtì lásán tí wọn ò tíì túmọ̀), kẹ́ ẹ tò ó sínú matrix tí rówù ẹ̀ jẹ́ 16, kí ìkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan wá di kọ́lọ́ọ̀mù kan, kẹ́ ẹ wá gé ibi tẹ́ ẹ bá fẹ́, torí pé kì í ṣe fáìlì nìkan ni readBin ń kà, ó ń ka raw tó ti wà nínú mẹ́mórì náà:

con <- file("oko.dat", "rb")
ori <- readBin(con, "raw", n = 64)
ara <- readBin(con, "raw", n = file.size("oko.dat") - 64)
close(con)
m <- matrix(ara, nrow = 16)
k <- ncol(m)
aago <- readBin(as.vector(m[1:4, ]), "integer", n = k, size = 4, endian = "big")
ooru <- readBin(as.vector(m[5:6, ]), "integer", n = k, size = 2, endian = "big") / 10
imole <- readBin(as.vector(m[7:8, ]), "integer", n = k, size = 2, signed = FALSE, endian = "big")
ojo <- readBin(as.vector(m[9:12, ]), "numeric", n = k, size = 4, endian = "big")

Kò sí loop kankan níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń kà á tán. Ẹ má gbàgbé n yẹn o, tẹ́ ò bá kọ ọ́, ẹyọ nọ́ńbà kan ṣoṣo ló máa fún yín, kò ní sọ nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá sì béèrè ju ohun tó wà nínú fáìlì lọ, èyí tó rí ló máa kó fún yín, kò tún ní sọ nǹkan kan.

Ibẹ̀ gan-an ni ìràwọ̀ tí mo yọ wà. readBin ò mọ ohun tẹ́ ẹ ń wá, ohun tẹ́ ẹ bá ti pàṣẹ ló máa ṣe, nọ́ńbà á jáde, ó máa mọ́ lójú, ó sì lè jẹ́ irọ́ pátápátá. Ẹ wo endian yẹn, òun ló ń sọ báìtì tó ṣáájú nínú nọ́ńbà: big ni pé apá tó tóbi ló ṣáájú, little ni pé apá tó kéré ló ṣáájú. Manual ò sọ ọ́ rárá. Tẹ́ ò bá kọ endian, R á lo ti kọ̀ǹpútà yín, little sì ni ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tó wà nílùú. Báyìí ni ooru àkọ́kọ́ ṣe jáde, 384.1. Dígírì 384! Lóko kòkó! Àní ọ̀gbẹlẹ̀ March tí gbogbo Adó ń làágùn kò dé ìdámẹ́wàá ẹ̀ dáadáa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé 271, ìyẹn 27.1, jẹ́ báìtì méjì, 01 àti 0F (ní hex, ìyẹn kíkà ní mẹ́rìndínlógún-mẹ́rìndínlógún), tẹ́ ẹ bá kà á láti ẹ̀yìn ó di 0F01, tó jẹ́ 3841. Mo kọ "big" sí i, ooru di 27.1, àbúrò náà mí kanlẹ̀.

signed = FALSE náà bẹ́ẹ̀. Tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán bá jẹ́ 40000, tẹ́ ò bá sọ fún R pé nọ́ńbà yẹn ò ní àmì òdì, ẹ máa rí -25536. Òwúrọ̀ á dáa, ìrọ̀lẹ́ á dáa, ọ̀sán gangan ni graph máa rì sísàlẹ̀. Ẹni tí kò bá wo graph, tó kàn sáré lọ ṣe mean, á kọ ọ́ sínú project, wọ́n á dè é sínú ìwé fún un. Báìtì kan àti méjì nìkan ni signed ń ṣiṣẹ́ fún o. Tó bá jẹ́ mẹ́rin tí kò lámì, R ò ní irú ìyẹn, integer ẹ̀ ò kọjá 2147483647, ẹ máa kà á ní méjì-méjì ni kẹ́ ẹ wá sọ apá òkè di ìlọ́po 65536 kẹ́ ẹ rò ó mọ́ tìsàlẹ̀. Aago tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá láti 1970 kò tíì ní wàhálà ìyẹn, January 2038 ló máa kún.

Ọ̀rọ̀ aago, as.POSIXct(aago, origin = "1970-01-01", tz = "Africa/Lagos") ni mo fi yí i. Ẹ rí tz yẹn, tó ń sọ aago ibi tẹ́ ẹ wà, ẹ kọ ọ́. Èmi kì í gbà pé aago tọ̀nà àyàfi tí mo bá wo ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ kúrò ní òdo láàárọ̀. Tó bá jẹ́ aago mẹ́fà kọjá dáadáa sí méje, ó dáa. Tó bá jẹ́ aago márùn-ún kọjá, wákàtí kan ti sọnù níbì kan, torí oòrùn kì í yọ báyẹn l'Ékìtì. Òjò náà ń jẹ́rìí: tí fáìlì bá sọ pé òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́ látìbẹ̀rẹ̀ January nígbà tí ọyẹ́ ń fọ́ wa létè, ẹ padà lọ wo báìtì yín. Ẹni tó ń gbé níbí tó mọ bójú ọjọ́ ṣe ń rí ló lè rí irú àṣìṣe yìí, R ò mọ Èkìtì.

Ohun kékeré kan nípa òjò ọ̀hún. Numeric oníbáìtì mẹ́rin ni, 0.2 tí R á fi hàn yín kì í ṣe 0.2 gangan, 0.200000003 ló sún mọ́, nítorí náà tẹ́ ẹ bá kọ ojo == 0.2 ó lè sọ pé FALSE fún gbogbo ẹ̀. Ẹ lo round.

Orí fáìlì ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Orúkọ ibùdó wà níbẹ̀, rawToChar ló ń yọ ọ́, tí òdo bá kún ìparí orúkọ á gé e dànù fúnra ẹ̀, àmọ́ tí òdo bá wà láàárín á bínú, á ní "embedded nul". Àwọn kan ń lo readChar dípò. Kò burú, àmọ́ lẹ́tà ni ìyẹn ń kà, kì í ṣe báìtì, nígbà tí kọ̀ǹpútà bá wà lórí UTF-8 (ọ̀nà tó ń gbà kọ lẹ́tà sílẹ̀ ní báìtì), ọ̀rọ̀ bíi Ìkọ̀lé tó jẹ́ lẹ́tà márùn-ún lójú tiwa jẹ́ báìtì 11, torí ọ̀ yẹn nìkan ń jẹ márùn-ún. Tí ẹnì kan bá ti fi àmì sórí orúkọ ibùdó, gbogbo ohun tó tẹ̀lé e á sún kúrò láyè ẹ̀. useBytes = TRUE ló ń gbà yín lọ́wọ́ ìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fojú rí báìtì kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e, ẹ wá pákéèjì hexView, Paul Murrell ló kọ ọ́, Auckland kan náà ni. viewRaw("oko.dat", nbytes = 96) á to báìtì sápá kan, á to lẹ́tà sápá kejì, ẹ máa rí ibi tí orúkọ ibùdó parí sí tí nọ́ńbà sì bẹ̀rẹ̀. Ó tún ní readFormat tẹ́ ẹ lè fi ṣàpèjúwe fáìlì lódindi, ó mọ́ lójú, àmọ́ fún fáìlì ńlá èmi ṣì ń padà sí matrix mi.

Kí n má ṣègbè o, Python borí R níbí. Pẹ̀lú numpy, pákéèjì Python kan, ẹ máa kọ bí ìkọsílẹ̀ ṣe rí lẹ́ẹ̀kan sínú dtype, fromfile á kó gbogbo ẹ̀ wọlé pẹ̀lú orúkọ, kò sí gígé kankan. Ẹni tó bá ti gbọ́ Python tẹ́lẹ̀, kó dúró síbẹ̀ jàre. Àmọ́ tó bá jẹ́ R ni ẹ fi ń ṣe ìyókù iṣẹ́, mi ò rí ìdí tẹ́ ẹ fi máa lọ kọ́ èdè míì torí fáìlì logger kan.

Ẹ má sì lọ fi readBin ka fáìlì SPSS tàbí Stata o, mo ti rí ẹni tó fẹ́ dán an wò, ìyà lásán ni. Pákéèjì haven wà fún ìyẹn, ReadStat tí Evan Miller kọ ló ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀. foreign tó ń bá R wá náà ń ka .dta, àmọ́ Stata 12 ni read.dta ẹ̀ parí sí. NetCDF ní ncdf4, HDF5 ní rhdf5 lọ́dọ̀ Bioconductor. Fáìlì tí kò ní ẹni tó kọ pákéèjì fún un, tó jẹ́ ẹ̀yin àti manual nìkan lẹ jọ wà, ìyẹn ni ti readBin.

Tí fáìlì bá tóbi ju RAM yín lọ, ẹ má kó o wọlé tán. Ẹ fi con sílẹ̀ ní ṣíṣí, ẹ máa ka 16 * 100000 báìtì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nínú repeat, tí length bá ti di 0, break. Tẹ́ ẹ bá sì wà lórí Windows, ẹ má gbára lé seek láti máa fò kiri inú fáìlì, ìwé R fúnra ẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kà á lọ síwájú ni, kẹ́ ẹ ju èyí tẹ́ ò nílò nù.