Partial index nínú PostgreSQL: ohun tí planner bá fojú ara rẹ̀ rí nìkan ló ń gbà gbọ́

Nínú PostgreSQL, sọ́fíwèà tí a fi ń tọ́jú dátà, tábìlì kan wà lábẹ́ ìtọ́jú mi tó ń jẹ́ ise. Gbogbo iṣẹ́ tí sáfà wa ń ṣe lábẹ́lẹ̀, bíi fífi ímeèlì ránṣẹ́ tàbí dídín àwòrán kù, ibẹ̀ ni a ń tò wọ́n sí. Ìlà inú rẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù 40, àmọ́ àwọn tí ipò wọn jẹ́ 'duro', ìyẹn àwọn tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn, kì í sábà ju 4,000 lọ. Ìyókù ti parí, àkọsílẹ̀ lásán ni wọ́n. Íńdẹ́ẹ̀sì kíkún (atọ́ka tó ń jẹ́ kí a rí ìlà láìka gbogbo tábìlì) tó wà lórí id ju 800 MB lọ. Èyí tí mo ṣe fún àwọn tó ń dúró nìkan kò tó 200 kB:

CREATE INDEX ise_duro ON ise (id) WHERE ipo = 'duro';

WHERE tó wà níparí yẹn ló ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Ìlà tí kò bá bá a mu kò ní wọ inú íńdẹ́ẹ̀sì rárá; ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní partial index, íńdẹ́ẹ̀sì alápá kan. PostgreSQL ti ní èyí láti ẹ̀dà 7.2, ní 2002. SQLite gbà á ní 2013. SQL Server ń pè é ní filtered index. MySQL ò ní in, ó sì máa ń dùn mí nígbàkigbà tí iṣẹ́ bá gbé mi débẹ̀.

Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Àmọ́ kí o ṣe íńdẹ́ẹ̀sì jẹ́ ọ̀tọ̀, kí planner, apá PostgreSQL tó ń yan ọ̀nà tí ìbéèrè máa gbà, lò ó jẹ́ ọ̀tọ̀, ibi kejì yìí ni mo ti rí nǹkan.

Kí planner tó fọwọ́ kan partial index, ó gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí pé gbogbo ìlà tí ìbéèrè rẹ ń wá ló wà nínú rẹ̀. Bí ìlà kan ṣoṣo bá lè wà níta, kò ní lò ó, torí èsì á lábùkù. Ó mọ̀ pé ohun tó kéré sí 1 kéré sí 2. Ó mọ̀ pé bí kọ́lọ́ọ̀mù ref = 7, ref kò lè jẹ́ NULL, ìyẹn òfìfo. Ṣùgbọ́n bí íńdẹ́ẹ̀sì bá sọ pé iye > 5, tí ìwọ kọ iye * 2 > 10, kò ní mọ̀ pé ọ̀kan náà ni. Mi ò bá a jà lórí ìyẹn. Bó bá ní kí òun máa yanjú ìṣirò bẹ́ẹ̀ lórí gbogbo ìbéèrè tó wọlé, ìṣètò á pẹ́ ju iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe lọ.

Ẹ̀dà 11 la ń lò nígbà tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Íńdẹ́ẹ̀sì wa kan ní WHERE ref IS NOT NULL. Bí a bá fi àádọ́ta ref sínú IN, ìyẹn àkójọ àwọn iye tí à ń wá, èsì dé kíá. Bí wọ́n bá di 150, ó di kíka gbogbo tábìlì. Lójú mi, nǹkan kan náà ni mo kọ, àfi pé ó gùn sí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé planner máa ń tú IN sí wẹ́wẹ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò, àmọ́ bí iye inú rẹ̀ bá ti ju 100 lọ, kò ní tú u mọ́, kí ìṣètò má bàa gùn jù. Nígbà tí kò tú u, kò rí ẹ̀rí pé NULL kò lè sí níbẹ̀. Mo fi AND ref IS NOT NULL kún ìbéèrè náà fúnra mi, ara tù mí. Nígbà tí a gòkè sí ẹ̀dà 12, tó jáde ní 2019, mo yọ ọ́ kúrò, íńdẹ́ẹ̀sì náà ṣì ń ṣiṣẹ́: wọ́n ti kọ́ planner láti mọ̀ pé bó ti wù kí IN gùn tó, NULL kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Irú àtúnṣe kékeré báyìí ni mo máa ń wá kiri nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀dà tuntun.

Èyí tó mú mi lọ́kàn jù ni ti tábìlì ise yẹn gan-an. Ìbéèrè wa rí báyìí:

SELECT * FROM ise WHERE ipo = $1 ORDER BY id LIMIT 20;

Ètò wa á wá fi 'duro' rọ́pò $1. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, títí dé ẹ̀ẹ̀karùn-ún, kò gba mìlísẹ́kọ́ǹdù méjì. Ẹ̀ẹ̀kẹfà, ó lọ, kò padà. Mo pa ìsopọ̀ yẹn dé, mo ṣí òmíràn: márùn-ún yá, ẹ̀kẹfà há. Ọjọ́ kan gbáko ni mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń ṣe é.

Bí a bá ti fi PREPARE tọ́jú ìbéèrè sílẹ̀ fún ìlò léraléra, bíi tiwa yìí, PostgreSQL máa ń ṣètò rẹ̀ lákọ̀tun fún ìgbà márùn-ún àkọ́kọ́, pẹ̀lú iye gidi tí o fún un. Lẹ́yìn náà, á ṣe ètò kan tó kárí gbogbo iye, á sì fi ìnáwó rẹ̀ wé ti àwọn ti tẹ́lẹ̀. Nínú ètò kárí-gbogbo yìí, $1 ṣì jẹ́ $1. Ta ló lè fi ẹ̀rí hàn pé $1 jẹ́ 'duro'? Kò sẹ́ni. Nítorí náà, ise_duro jáde nínú ìdíje pátápátá. Ó yẹ kí ètò náà wọ́n débi pé wọn ò ní mú un, àmọ́ LIMIT 20 ló tàn án. Ipò mẹ́rin ló wà nínú tábìlì náà. Planner rò pé ìdá mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n, pé bí òun bá gba orí íńdẹ́ẹ̀sì id kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀, òun á rí ogún láàárín ọgọ́rin ìlà. Ó dà bíi pé kò náni ní nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń dúró, òpin tábìlì ni wọ́n wà, lẹ́yìn mílíọ̀nù 40 ìlà tó ti parí.

Bí o bá fẹ́ rí i fúnra rẹ, ṣe PREPARE, kí o wá ṣe EXPLAIN EXECUTE, èyí tó ń fi ètò tí planner yàn hàn, lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Nínú márùn-ún àkọ́kọ́, wàá rí Index Scan using ise_duro, láìsí Filter kankan lábẹ́ rẹ̀, torí íńdẹ́ẹ̀sì náà ti ṣẹ́ àwọn ìlà yẹn sọ́tọ̀. Nínú ẹ̀kẹfà, orúkọ íńdẹ́ẹ̀sì ti yí padà, Filter: (ipo = $1) sì ti jókòó sábẹ́ rẹ̀. $1 yẹn ni mo tẹjú mọ́ títí ọ̀rọ̀ fi yé mi.

Ọ̀nà méjì ló wà. O lè sọ plan_cache_mode di force_custom_plan, èyí tó wà láti ẹ̀dà 12, kó máa ṣètò tuntun nígbà gbogbo. Èmi mú èkejì: mo kọ 'duro' sínú ìbéèrè náà ní tààrà. Ìbéèrè yẹn kì í wá ipò mìíràn tẹ́lẹ̀ rí, kò sí ìdí tó fi yẹ kó jẹ́ $1.

Kí n má gbàgbé, kò wá lọ́fẹ̀ẹ́. Kọ́lọ́ọ̀mù tó bá wà nínú WHERE íńdẹ́ẹ̀sì, PostgreSQL kà á mọ́ àwọn tí a ti ṣe íńdẹ́ẹ̀sì fún. Torí náà, bí o bá sọ ipo di 'pari', àtúnṣe náà kò lè jẹ́ HOT (irú àtúnṣe tí kì í fi nǹkan tuntun kún íńdẹ́ẹ̀sì), gbogbo íńdẹ́ẹ̀sì tábìlì náà ló máa gba àkọsílẹ̀ tuntun, àyàfi ise_duro tí ìlà náà ti jáde nínú rẹ̀. Òkú ìlà, ìyẹn ẹ̀dà àtijọ́ tí àtúnṣe fi sílẹ̀, á sì máa pọ̀. Bí autovacuum, tó ń gbá wọn dànù, ṣe wá látilẹ̀, ìdá kan nínú márùn-ún tábìlì ló ń dúró dè. Nínú tèmi, ìyẹn jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́jọ òkú ìlà. Mo sọ autovacuum_vacuum_scale_factor di 0.01 fún tábìlì yẹn nìkan.

Ohun tí mo ṣì ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí EXPLAIN máa sọ ìdí. Ó máa ń sọ íńdẹ́ẹ̀sì tó mú, kì í sọ èyí tó kọ̀ sílẹ̀, bóyá ẹ̀rí ni kò sí ni àbí ó kàn wọ́n jù lójú rẹ̀. Ní báyìí, mo máa ń pa enable_seqscan, tó ń gba kíka gbogbo tábìlì láyè, kí n tó tún béèrè. Bí kò bá tún mú íńdẹ́ẹ̀sì náà, tí kò sì sí òmíràn tó lè gba ipò rẹ̀, mo mọ̀ pé ẹ̀rí ló sọnù, màá padà lọ ka WHERE méjèèjì sínú ara wọn, lẹ́tà lẹ́tà.