PTSD Coach: ó dára, àmọ́ kò mọ Ògbómọ̀ṣọ́

Ọ̀fẹ́ ni áàpù yìí, tó wà fún ẹni tó ní PTSD, ìyẹn àìsàn ìpayà tí kì í lọ bọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí ewu ńlá ti kọjá. Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì ló gbé e jáde ní 2011, ṣùgbọ́n kò dìgbà téèyàn bá lọ sójú ogun. Ẹni tó yè nínú ìjàǹbá ọkọ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tàbí tí adigunjalè ká mọ́lé, lè lò ó. Kò béèrè orúkọ, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í sì í jẹ dátà.

Ibi tó ti gba máàkì ni irinṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní RID: ẹ kọ́kọ́ fara balẹ̀, ẹ wá ohun tó ta ìpayà náà jí, kẹ́ ẹ wá pinnu ohun tẹ́ ẹ máa ṣe. Ẹ má ṣe dà á rú o. Tí àyà bá ń lù kìkìkì, ọpọlọ ò ráyè ìwádìí. Ẹ ó fi 0 dé 10 wọn ìdààmú yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì tún un wọ̀n tẹ́ ẹ bá parí. Tó bá wà ní 8 tó bọ́ sí 5, irinṣẹ́ yẹn bá yín lára mu. Tí 8 ò bá yẹsẹ̀ lẹ́yìn irinṣẹ́ méjì, ẹ pa áàpù náà tì kẹ́ ẹ pe èèyàn.

Wíwá ohun tó ta á jí gan-an ni iṣẹ́ ibẹ̀. Áàpù ò lè sọ fún yín pé họ́ọ̀nù tírélà ni, tàbí òórùn táyà tó ń jó, tàbí báńgà táwọn ọmọdé ń yìn lóṣù Kejìlá. Nígbà míì, ohun náà kì í jọ ìjàǹbá rárá: orin tó ń dún nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn, àwọ̀ aṣọ ẹni tó jókòó níwájú. Ọpọlọ ti kó gbogbo wọn pọ̀ mọ́ ewu. Lẹ́yìn tí ara bá ti balẹ̀, ẹ mú bíró, kẹ́ ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí, tẹ́ ẹ gbọ́, tẹ́ ẹ gbóòórùn rẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ìpayà tó dé. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èyí tó ń pa dà wá á fara hàn.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti lọ, bí ẹni tí kò sí níbẹ̀, kó má fi mímí pẹ̀lú ojú dídì bẹ̀rẹ̀. Ó lè túbọ̀ gbé e lọ. Kó lajú, kó ka ohun 5 tó rí, 4 tó lè fọwọ́ kàn, 3 tó ń gbọ́.

Ohun tá ò gbóríyìn fún: kò sí Yorùbá nínú rẹ̀. Ìyá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àfi kí ọmọ rẹ̀ ka ìtọ́ni náà ní Yorùbá sínú fóònù fún un. Nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ inú rẹ̀, ti Amẹ́ríkà ni. Ẹ fi ti mọ̀lẹ́bí méjì àti 112 síbẹ̀.

Áàpù náà ní ìbéèrè 20 nípa bó ṣe ń ṣe yín lóṣù tó kọjá, ẹ ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 4. Tí àpapọ̀ bá ti ń lọ sí 31 sókè, ẹ gbé fóònù náà lọ han dókítà ọpọlọ, ní LAUTECH Teaching Hospital tàbí UCH Ìbàdàn. Dókítà ló lè pe àìsàn náà lórúkọ.