Àyẹ̀wò: -march=native nínú GCC, aṣọ tí wọ́n wọ̀n mọ́ ara ẹnìkan

Bí ẹ bá lo GCC (prógíráàmù tó ń sọ kóòdù C di fáìlì tí kọ̀ǹpútà lè ṣiṣẹ́ lé) bẹ́ẹ̀ láìfi nǹkan kan kún un, x86-64 ìpìlẹ̀ (irú prósẹ́sọ̀ Intel àti AMD) tí kò mọ̀ ju SSE2, àkójọ àṣẹ àtijọ́, lọ ló sábà máa ń kọ iṣẹ́ fún, kódà bó jẹ́ àná ni ẹ ra prósẹ́sọ̀ yín. -march=native máa ń yẹ prósẹ́sọ̀ tó bá níwájú wò, á sì lo gbogbo àṣẹ tí ìyẹn gbọ́: AVX2, FMA (ìlọ́po àti àròpọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan), BMI2 àti irú wọn. Ẹ fi èyí wo ohun tó rí:

gcc -march=native -Q --help=target | grep march

Níbi iṣẹ́ àwòrán, ohùn àti mátíríìsì, èrè rẹ̀ hàn gedegbe: float (nọ́ńbà oní-dẹ́símà) mẹ́jọ ni AVX2 ń mú lẹ́ẹ̀kan, mẹ́rin ni SSE2 ń mú. Prógíráàmù tó jẹ́ pé dísíìkì ló ń dúró dè kò ní rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀.

Lúùpù (apá kóòdù tó ń tún ara rẹ̀ ṣe) tó ń ro float pọ̀ ló máa ń tan èèyàn jẹ. Pẹ̀lú -O3, ìpele ìmúyára tó ga, pàápàá, GCC kò ní ṣe é ní mẹ́jọ-mẹ́jọ, torí bí a bá yí bí a ṣe tò wọ́n padà, ìdáhùn lè yí díẹ̀. Ọ̀pọ̀ a wá sáré gbé -ffast-math, tó ń gba GCC láàyè láti tú òfin ìṣirò float ká. Ẹ má ṣe é: isnan, tó ń wá NaN (ìdáhùn tí kì í ṣe nọ́ńbà), lè má ríran mọ́. -fassociative-math -fno-signed-zeros -fno-trapping-math ti tó. -fopt-info-vec-missed yóò sì sọ lúùpù tó kù sẹ́yìn fún yín, pẹ̀lú ìdí rẹ̀. FMA náà lè yí àwọn nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn dẹ́símà; -ffp-contract=off ló ń dá a dúró.

Wàhálà gidi dé nígbà tí ẹ bá gbé fáìlì náà lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn. Core i5 inú ThinkPad T430 tòkunbọ̀ gbọ́ AVX, kò gbọ́ AVX2; "Illegal instruction" ni yóò kọ, á sì kú síbẹ̀. Ohun tí ẹ bá fẹ́ pín fún oníbàárà, -march=x86-64-v2 ni kí ẹ lò (láti GCC 11), kí ẹ wá fi target_clones("avx2","default") sí orí fọ́ńkíṣọ̀n tó wúwo nìkan, kí GCC lè ṣe ẹ̀dà méjì rẹ̀, ọ̀kan fún AVX2, ọ̀kan fún ẹ̀rọ yòókù. Ẹni tó ń lo distcc, tó ń pín iṣẹ́ GCC fún ẹ̀rọ púpọ̀, kó kọ orúkọ gan-an, bíi -march=haswell, torí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ń ka native tirẹ̀.

Máàkì tí mo fún un: lórí ẹ̀rọ ara ẹni, mẹ́rin nínú márùn-ún. Fún ohun tí ẹ fẹ́ pín, méjì péré.

Prógíráàmù tó kún fún if lóríṣiríṣi sábà máa ń jèrè ju èyí lọ lára -fprofile-generate: ẹ fi dátà gidi ṣiṣẹ́ lé e lórí, kí ẹ tún un kọ́ pẹ̀lú -fprofile-use.