Àwọn Tó Wá Wọn Odò fún Wa ní Ṣábẹ̀ẹ́
Ilé-iṣẹ́ tí a gbà láti ṣírò omi tí odò Ouémé, ní Ṣábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, lè fún wa lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn ṣe iṣẹ́ olóye, nítorí pé wọn kò gbára lé ìpíndọ́gba omi ọdún, èyí tí àgbàrá òjò máa ń mú kí ó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìwọ̀n tí odò ń tó, tàbí tí ó ń kọjá, ní ọjọ́ 95 nínú 100 ni wọ́n wá. Wọ́n kọ́kọ́ yọ ti ará ìlú àti ti ẹja sọ́tọ̀, kí wọ́n tó ka ti ilé-iṣẹ́ ṣúgà. Àmọ́, oṣù Ọ̀pẹ ni wọ́n wá wọn odò, bẹ́ẹ̀ apẹja èyíkéyìí ì bá ti sọ fún wọn pé ó dìgbà Èrèlé kí odò tó gbẹ dáadáa. Nígbà tí a ní kí wọ́n padà wá, owó mìíràn ni wọ́n bèèrè.